Àpéjọ sẹ́ẹ̀tì wa tó wà lókè òkun: ṣé géètì ni ká kọ́ fún ilé-ìwé ni, àbí kí la fẹ́ ṣe?

Ọmọ Ọ̀tun (Houston)

Èkìtì kete, mo kí in o.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Àwa tí a jọ jáde ní unifásitì kan ní Èkìtì, tí a ti fọ́n ká sí Amẹ́ríkà, Kánádà àti ìlú ọba, fẹ́ ṣe àpéjọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò nínú ilé. Wọ́n ti rí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Houston níbí, wọ́n ti yan aṣọ ẹbí, àwọn kan tiẹ̀ ti ń jà lórí olórin tí wọ́n máa pè.

Ibi tí wàhálà wà rèé. A kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé pé a fẹ́ fi nǹkan ta wọ́n lọ́rẹ. Èsì tó wá ni pé kí á bá wọn kọ́ géètì ńlá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì gbẹ́ orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa sára òkúta dídán níbẹ̀. Inú àwọn kan dùn dé bi pé wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀. Àwọn yòókù ní géètì kì í kọ́ ọmọ níwèé. Lórí WhatsApp, ó ti di pé àwọn kan ò kí ara wọn mọ́. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni wọ́n ní kí n mú àbá wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí lojú yín rí? Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà unifásitì, kí ló ń wúlò fún yín gan-an?

Oníyán Ìlúpéjú

Ẹ kọ́ géètì jàre. Tí ẹ bá kọ́ ọ tán, kí ẹ wá bá wa mọ ògiri yí ọgbà ká, torí ewúrẹ́ ibẹ̀ kì í gba ẹnu géètì wọlé.

Onílábù (Adó-Èkìtì)

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Inú làbù unifásitì kan ní ìpínlẹ̀ yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó láti mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn olóore bá ya fọ́tò tán tí wọ́n lọ.

Sẹ́ẹ̀tì kan kó ẹrù ránṣẹ́ sí wa láti Amẹ́ríkà. Centrifuge wà nínú ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ bírí bírí títí omi ara rẹ̀ á fi yà sọ́tọ̀. Ohun tó dára ni, ó ń dán. Wọ́n lẹ orúkọ sẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lórí. Wọ́n ṣe ayẹyẹ, ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n gé ríbọ́nù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé làbù ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ iná ògiri. Iná Amẹ́ríkà, 120 fóòtì (volt) ni. Tiwa, 230 sí 240. Ó pariwo pàá! Èéfín funfun yọ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo yàrá kan. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì dòní, orúkọ sẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀. Páálí la ń gbé lé e.

Ẹ má sì sọ pé tírásífọ́mà tó ń rọ iná sílẹ̀ á yanjú rẹ̀. Fóòtì ló ń yanjú, kò yanjú hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná ti Amẹ́ríkà ń lọ ní 60, tiwa ń lọ ní 50. Ẹ̀rọ tó bá ní mọ́tò tó jẹ́ pé iná ìlú ló ń sọ bó ṣe máa sáré tó, á máa falẹ̀, á sì máa gbóná títí á fi kú. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: 230 fóòtì, 50 hertz. Irú iná tiwa ni wọ́n ń lò ní ìlú ọba àti Jámánì, kódà ẹnu wáyà ìlú ọba ló wà lára ògiri wa. Ẹni yín tó wà ní Manchester lè rà á kó sùn. Ẹni tó wà ní Houston ni kó ṣọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà tún wà. Maikirosikóòpù, tí ẹ bá ti fún wa, ó parí, àfi tí gílóòbù rẹ̀ bá jó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fúnra wọn, kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n nìkan ni wọ́n ń gbà. Iye dọ́là ni wọ́n ń fi tà á, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní tútù láti Èkó títí dé Adó, ẹ̀yin náà sì mọ ọ̀nà wa. Ẹni tó bá fún wa nírú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìfi owó kẹ́míkà tì í, gbèsè ló fà lé wa lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi: sólà àti bátìrì fún làbù kan ṣoṣo, kí fíríìjì kẹ́míkà má baà máa kú lóru. Kò lè dára nínú fọ́tò. Mo mọ̀.

Ìyá Toronto

Onílábù, ẹ ṣeun mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ di ẹjọ́ tí a ń pe àpèjẹ, ẹ jẹ́ kí n gbèjà rẹ̀ díẹ̀.

Èmi ni mò ń ṣètò ti ẹ̀ka Kánádà fún sẹ́ẹ̀tì tèmi. Owó tí ẹ ní ká fi ṣe làbù yẹn, níbo lẹ rò pé ó ti ń wá? Kò sẹ́ni tó ń ka lẹ́tà akápò kó tó fi owó ránṣẹ́. Ìgbà téèyàn bá rí ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n jọ mu gàrí lóru ìdánwò, tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín títí omijé jáde, ìgbà yẹn lọwọ́ ń wọ àpò. Níbi àpéjọ wa kan, obìnrin kan wá tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, tí kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti bá a rí lọ́yà tó máa bójú tó ìwé ìgbélùú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn náà sínú ìṣirò.

Ohun tó ń bí mi nínú ni transcript, ìyẹn ìwé èsì gbogbo ìdánwò wa. Nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ mi níbí, WES, àwọn tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò, ní kí ilé-ìwé fi transcript mi ránṣẹ́ sáwọn tààrà. Mo sanwó, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Mo pè, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é ti lọ ìsinmi. Wọ́n ní kí ẹbí mi kan yọjú. Àbúrò mi gbéra láti Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Ẹnìkan tó mọ ẹnìkan ló padà wá a jáde nínú fáìlì ẹlòmíì. Ilé-ìwé yìí kan náà ló wá kọ lẹ́tà sí mi, tí wọ́n ń pè mí ní ọmọ àwọn ọ̀wọ́n, nígbà tí wọ́n ń tọrọ owó! Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kó gbogbo èsì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn lẹ fẹ́ dáwó fún, èmi kì í ṣe ara sẹ́ẹ̀tì yín, ṣùgbọ́n màá dá sí i.

Ará Ìjerò

Ààmín lórí transcript. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí àǹfààní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (London)

Ìṣirò owó niṣẹ́ mi, akápò ẹgbẹ́ bíi tiyín sì ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ owó tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀tì ń fi sílẹ̀ láìmọ̀.

Ní ìlú ọba níbí, tí àwọn agbowó-orí bá ti gba ẹgbẹ́ yín wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú, Gift Aid wà. Ẹni tó ń san owó orí tó bá dá pọ́n-ùn kan, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé e. 1,000 pọ́n-ùn ti di 1,250 nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí mo fi jẹun tí mo fi jó kò sí níbẹ̀ o. Tíkẹ́ẹ̀tì àpèjẹ kì í ṣe ọrẹ, ẹni tó bá dà á pọ̀ ń wá ìjọ̀ngbọ̀n. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti ya àpò méjì sọ́tọ̀, ti fàájì lọ́tọ̀, ti ilé-ìwé lọ́tọ̀. Ní England àti Wales, tówó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ àánú lọ́dún bá ti kọjá 5,000 pọ́n-ùn, ó di dandan kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission.

Ti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fowó ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ìwé ní Èkìtì kò lè yọ ọ́ nínú owó orí rẹ̀. Ó ní láti gba ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ní ìwé 501(c)(3) lọ́hùn-ún, ìyẹn ìwé ẹgbẹ́ àánú lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí wọn, kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ẹni tó ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ná an, kí wọ́n má kàn jẹ́ agbódegbà. Èyí tó tún dùn níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi iye tí òṣìṣẹ́ wọn bá dá kún un láti inú àpò tiwọn. Ẹ bi àwọn HR yín, àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́.

Nílé, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lè ní àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Àkáǹtì tó bá wà lórúkọ alága, ọjọ́ tí alága bá kú lẹ máa mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló ni ín.

Ọmọ Ọ̀tun (Houston)

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n, mo bi HR wa ní ọsibítù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń ṣe é, dọ́là fún dọ́là, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá níwèé nìkan. Àwa ò níwèé, ó sì máa pẹ́ kó tó jáde. Ọ̀nà míì ò sí?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n (London)

Ó wà. Ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì tàbí ẹgbẹ́ Yorùbá kan nítòsí yín tó ti níwèé, kí wọ́n gbà yín sábẹ́ wọn. Wọ́n lè yọ díẹ̀ nínú owó náà fún wàhálà wọn. Ẹ kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó gba dọ́là kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Adó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mò ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Èmi wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ unifásitì Adó. Ìjọba gómìnà Ajasin ló dá a sílẹ̀ ní 1982, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ pé Obafemi Awolowo University, Ado-Ekiti, ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún 1987 ni unifásitì Ifẹ̀ tó gba orúkọ yẹn. Nígbà náà, tiwa ti yí padà sí Ondo State University láti 1985. Wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, nígbà tó yá ó di University of Ado-Ekiti. Ní 2011, wọ́n da unifásitì Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì mọ́ ọn, ó di Ekiti State University. Ilé kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́rin. Tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá pàdé lókè òkun, ẹni yìí á ní OSUA lòun, ẹni yẹn á ní UNAD lòun. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí, ọgbà kan náà la jọ sá kiri nínú òjò. Géètì tí ẹ fẹ́ gbẹ́ orúkọ sí yẹn, tí ìjọba míì bá dé tó tún yí orúkọ ilé-ìwé padà ńkọ́?

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wà lájò tí ẹ ń ro tilé. Nígbà ogun Kírìjì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń wá ìbọn ìgbàlódé, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ojú ogun. Wọ́n mọ ohun tó ń dun àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi àsíá ráńpẹ́ kan lé òun lọ́wọ́.

Oníyán Ìlúpéjú

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ti fi ọ̀kọ̀ gún géètì pa.

Ọmọ Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o. Ọdún kẹrin ni mo wà ní ilé-ìwé báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tàwa akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n rò pé owó ilé-ìwé nìkan ni ìṣòro wa. Láti 2024, NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀, ti ń yá àwa tó wà ní ilé-ìwé ìjọba lówó: wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù. Ẹ̀yáwó ni, a máa dá a padà, ṣùgbọ́n ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró nínú kíláàsì. Àwọn tó wà ní ilé-ìwé aládàáni ò sí nínú ètò yẹn.

Ibi tó ti ń ta wá ni SIWES, ìyẹn lílọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. SIWES, wọ́n á ní kí o lọ wá ilé-iṣẹ́ tó máa gbà ọ́ fún oṣù mélòó kan. Ní Èkìtì, mélòó nilé-iṣẹ́? O ní láti lọ Èkó tàbí Ìbàdàn, o ò lẹ́ni tó o máa sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn ò sì ní sanwó fún ọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí wọ́n ṣáà bá wa fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀gbọ́n tó bá ní ọ̀rẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, tó lè sọ pé ẹ gba ọmọ méjì láti ẹ̀ka wa lọ́dọọdún, ẹ wá fi yàrá tí wọ́n á sùn sí i kún un, àwa ò ní gbàgbé yín láéláé.

Ohun kan tún wà, ẹ má bínú sí mi. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ kan wá pín ẹ̀bùn owó fún wa. Wọ́n pe àwọn tó gbà á jáde sórí pèpéle, wọ́n ní kí oníkálukú sọ bí nǹkan ṣe le tó nílé wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan gba maiki. Ó ní bàbá òun ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó dá maiki padà, ó lọ jókòó. Bàbá rẹ̀ ti kú. Kò fẹ́ sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà. Fídíò yẹn ṣì wà lórí Facebook.

Ìyá Toronto

Ọmọ Ìkọ̀lé, ọkàn mi gbọgbẹ́. Ọlọ́run á dúró tì yín. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé kò sí kámẹ́rà níbi tí wọ́n bá ti ń fún ọmọ lówó.

Aláìgbàgbọ́ Ìdó

Ẹ máa tan ara yín jẹ. Èmi ò fún ilé-ìwé kankan ní kọ́bọ̀ mọ́. Ọ̀gá àgbà kan wà níbẹ̀, ó gba owó wa, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Sáà rẹ̀ parí, òmíràn dé, ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú ìwé. Nígbà tí a béèrè owó náà, wọ́n ní kí a kọ̀wé. A kọ̀wé. Wọ́n ní lẹ́tà wa ò dé. Owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ni TETFund, àjọ ìjọba tó wà fún ilé-ìwé gíga, fi ń kọ́lé fún wọn káàkiri. Ẹ jẹ́ kí ìjọba ṣe tirẹ̀.

Onílábù (Adó-Èkìtì)

Ẹ̀gbọ́n Ìdó, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. TETFund ń kọ́lé, ó sì ń ra ẹ̀rọ; mo ti rí méjèèjì. Owó ìtọ́jú ni kì í tó ilẹ̀. Ta ló máa ra gílóòbù? Ta ló máa pààrọ̀ bátìrì? Ibi tí àlàfo wà nìyẹn. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù àkáǹtì ilé-ìwé, ẹ má fi owó síbẹ̀. Ẹ san án fún ẹni tó ń ta nǹkan náà, kó wá gbé e sílẹ̀, kí olórí ẹ̀ka àti ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ yín fọwọ́ sí i pé ó dé. Kí ẹ sì fi sínú ìwé pé ẹ̀ka báyìí ló ni ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ́fíìsì ọ̀gá kan lẹ máa bá a.

Aláìgbàgbọ́ Ìdó

Ìyẹn bọ́ sí i díẹ̀. Àmọ́ mi ò tíì yọwọ́ o.

Ará Ìjerò

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kún un, nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dá a lábàá: "ká fi owó sílẹ̀ fún ọmọ tó bá gba ipò kìíní." Mo mọ ẹ̀bùn kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ₦10,000 lọ́dọọdún. Nígbà yẹn, owó yẹn ju ọgọ́rin dọ́là lọ, ọmọ lè fi ra ìwé, kó sì tún rí owó ọkọ̀. Láti oṣù kẹfà 2023 tí báǹkì àpapọ̀ ti tú okùn lọ́rùn náírà, ẹ̀yin náà rí ibi tó sáré dé. Lónìí, kò tó dọ́là mẹ́wàá. Wọ́n ṣì ń pe ọmọ jáde níwájú àwọn òbí, wọ́n á ka ìtàn ìgbésí ayé olóore fún ìṣẹ́jú gbọọrọ, wọ́n á wá fún un ní owó tí kò ra ìwé kan.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jẹ́ kí ojúlówó owó náà jókòó sí dọ́là tàbí pọ́n-ùn lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kó jẹ́ èrè orí rẹ̀ lẹ ó máa ná. Kí ẹ má sì kọ iye náírà sínú ìwé rárá. Ẹ kọ ọ́ pé owó ilé-ìwé ọdún kan ni ẹ̀bùn náà, iye yòówù tó bá jẹ́ lọ́dún yẹn.

Tíṣà Ohio

Mo ń kọ́ni ní unifásitì kan níbí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó, àwa kan wà tó jẹ́ pé àkókò la ní.

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Carnegie African Diaspora Fellowship. Ní 2013 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní Áfíríkà, tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, padà sí unifásitì ní Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà àtàwọn orílẹ̀-èdè míì, fún ọjọ́ 14 sí 90. Ètò náà ló ń gbé owó ọkọ̀ òfuurufú àti ìnáwó ibẹ̀. Ilé-ìwé tó wà nílé ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé iṣẹ́ báyìí la fẹ́ kí ẹnìkan wá bá wa ṣe, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dúró, torí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Tí wọ́n bá ṣì ń gba ìwé, ẹgbẹ́ yín lè fi ẹnìkan jókòó ti olórí ẹ̀ka títí ìwé yẹn á fi jáde. Èyí ò ná yín ní nǹkan kan.

Bí ẹ ò bá rí ààyè wálé, ẹ bá wọn bójú tó iṣẹ́ ìwádìí àwọn ọmọ Masters láti ibi tí ẹ wà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Houston láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Adó.

Onílábù (Adó-Èkìtì)

Aago mẹ́rin dára. Ẹ má ṣe é ní aago méje, jẹnẹrétọ̀ ti kú nígbà yẹn. Kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán máa ń dúró gan-an lójú ẹ̀rọ, ohùn ló ń dé.

Ìyá Toronto

Ẹ gbọ́, kí ló dé tí àpéjọ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ Houston? Ẹ ṣe é nílé ní oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ wa ti wà ní ìsinmi, ọdún Ùdírókò máa ń bọ́ sí oṣù yẹn ní Adó, iṣu tuntun ti jáde. Owó ọkọ̀ òfuurufú Dìsẹ́ńbà ń bó èèyàn láwọ̀, ti oṣù kẹjọ náà wọ́n, ṣùgbọ́n téèyàn bá tètè rà á, ó ṣeé fara dà. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Ìkọ́gòsì kí wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, kí wọ́n ki èkejì bọ títutù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí kíláàsì tí ìyá wọn jókòó sí. Ọmọ tó bá rí i, òun náà lè dáwó lọ́jọ́ iwájú. Tí ẹ bá kú, ta lẹ rò pé ó máa bá yín san owó ẹgbẹ́?

Oníyán Ìlúpéjú

Mo fara mọ́ oṣù kẹjọ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ iyán, kó yà sọ́dọ̀ mi. Mi ò gba dọ́là o, ẹ ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó wá.

Ọmọ Ọ̀tun (Houston)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo kó gbogbo ohun tí ẹ sọ lọ bá ìgbìmọ̀ wa, mo ka ti Onílábù sókè fún wọn látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi èéfín, ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Dallas dákẹ́ lórí fóònù.

Ibi tí a dé rèé. Àwọn onígéètì ò gbà. Wọ́n ní àwọn á fi owó tiwọn kọ́ ọ. A ní kí wọ́n máa lọ, kò sí ìjà ńbẹ̀. Owó ẹgbẹ́, iṣẹ́ méjì ló máa ṣe. Èkíní, kíkó èsì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà: a máa ra ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé àti kọ̀ǹpútà, a ó sì máa sanwó fún ọmọ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán láti jókòó tì í, lábẹ́ ojú ọ́fíìsì rẹ́jísítírà. Ilé-ìwé ò tíì fèsì lórí ìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ ò ní fẹ́ ẹ, nítorí fáìlì tó sọnù ń jẹ́ kí owó kan máa wọlé. A ti pinnu pé tí wọn ò bá gbà á, a ò ní fowó náà ṣe nǹkan míì fún ọ́fíìsì wọn. Èkejì, sólà fún làbù ẹ̀ka kan. A máa san án fún ẹni tó ń tà á.

Ẹgbẹ́ ọmọ Èkìtì kan níbí ti gbà wá sábẹ́ ìwé wọn, ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fọ̀n, ẹ ṣeun. Gbọ̀ngàn Houston ti kéré sí i, a ti yọ olórin kúrò. Oṣù kẹjọ ọdún kejì ni a máa wálé, kí oníkálukú lè rí ààyè gba ìsinmi. Ọmọ Ìkọ̀lé, jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ lórí ọ̀rọ̀ SIWES, ẹnìkan nínú wa ní ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà.

Onílábù, mi ò mọ̀ bóyá ilé-ìwé kan náà la ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ohun tí làbù kan nílò, kí àwọn tó ń ta sólà má baà rẹ́ wa jẹ. Ìṣirò tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta sínú rẹ̀.

Onílábù (Adó-Èkìtì)

Ẹ yọ amúlétutù, ọ́fíìsì ẹnìkan ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Fíríìjì méjì, maikirosikóòpù, gílóòbù yàrá, kọ̀ǹpútà kan, ó tán. Ẹ má ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn fíríìjì. Ẹ ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ fi mítà wọn iná tó ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ní ọ̀sán àti òru, kí ẹ tó pe oní-sólà. Iye iná òru lẹ máa fi mọ bátìrì tí ẹ máa rà. Kí ẹ sì ra bátìrì lithium. Ìyẹn tí wọ́n ń bu omi sí, bàbá tó mọ bí wọ́n ṣe ń bu omi sí i lọ́dọ̀ wa ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì gba ẹlòmíì.